Ibo ni òkè pọ̀ sí jù ní Nàìjíríà, ibo ló sì tẹ́jú? Ẹ bá mi parí ìjà àwọn ìbejì mi

Ìyá Ìbejì, Òkè-Báálẹ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Òṣogbo tẹ́ ẹ wà nílé àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ kan ti gbé àlàáfíà kúrò nílé mi láti ọjọ́ Ajé, mo ní kí n gbé e wá síwájú yín.

Tíṣà àwọn ìbejì mi ní kí wọ́n ya máàpù Nàìjíríà, kí wọ́n fi àwọ̀ búráùn kun ibi tí òkè pọ̀ sí, kí wọ́n fi àwọ̀ ewé kun ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Táíwò gbé búráùn, ó kun gbogbo apá àríwá. Mo ní kí ló dé, ó ní, "Màmá, ṣebí Òkè Ọya là ń pè é." Kẹ́hìndé ní irọ́ ni, ó kun Èkìtì nìkan ní búráùn, ó fi àwọ̀ ewé kun gbogbo ìyókù. Ìdí tirẹ̀ ni pé ó bá bàbá wọn lọ sí ìgbéyàwó ní Adó-Èkìtì lọ́dún tó kọjá, ó ní nígbà tí wọ́n dé ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n, etí òun dí, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kérora.

Wọ́n ti bá a jà dé ìdí oúnjẹ. Èmi tí mo bí wọn, aṣọ àdìrẹ ni mò ń tà, mi ò tíì rin ìrìn àjò kọjá Ìlọrin rí, mi ò mọ èwo ni kí n sọ. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa gbé iṣẹ́ náà lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ̀ ọ́n?

Awakọ̀ Òkè-Fíà

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń wa ọkọ̀ ẹrù láti ìhà ọ̀dọ̀ wa lọ sí Òkè Ọya. Obì là ń kó lọ, àlùbọ́sà àti ẹ̀wà là ń kó bọ̀. Jíà ni máàpù tèmi. Ibi tí mo bá ti ń yí jíà ní gbogbo ìgbà, òkè wà níbẹ̀; ibi tí mo bá ti lè fi jíà kan rìn fún wákàtí kan, ilẹ̀ tẹ́jú.

Láti Òṣogbo lọ sí Ìkirun, Ọ̀fà, Ìlọrin títí dé Jẹ́bà, kò sí wàhálà. Ọ̀nà máa ń dìde díẹ̀, á tún lọ sílẹ̀ díẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n tí mo bá kúrò ní Akwanga tí mo kọjú sí Jọ́ọ̀sì, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Hawan Kibo. Àwọn Hausa ló sọ ọ́ lórúkọ, "hawan" lédè wọn ni gígùn òkè. Ọkọ̀ tó bá di ẹrù tí kò ní ẹ̀ńjìnnì tó le, ibẹ̀ ló máa dúró sí. Nígbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, jíà kékeré la fi ń di ọkọ̀ mú. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé búrékì nìkan, búrékì á gbóná, kò ní gbọ́ràn mọ́. Mo ti rí ohun tí ojú kì í fẹ́ rí níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wá kọjá Bauchi. Láti Pòtískùm lọ sí Damaturu, dé Màídúgùrì, ilẹ̀ yẹn tẹ́ bí ẹní. Lálẹ́, ẹ máa rí iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú, ẹ máa rò pé ó ti dé, ẹ máa rìn rìn rìn kó tó pàdé yín. Nítorí náà, Táíwò jàre díẹ̀, ó sì jẹ̀bi púpọ̀. Àríwá kan náà ni Jọ́ọ̀sì wà, àríwá kan náà ni Màídúgùrì wà.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n

Kẹ́hìndé jàre! Ẹ fún ọmọ yẹn ní ẹran méjì.

Wọ́n bí mi sí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, Òṣogbo ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé láti ara "òkìtì" ni orúkọ Èkìtì ti jáde. Nílé wa, ẹ ò lè lọ ra ata kí ẹ má gun nǹkan kan, kí ẹ má sì sọ̀ nǹkan kan. Àwọn ìyá wa fi orí ru igi wá láti oko lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn títí wọ́n fi darúgbó, ẹsẹ̀ wọn le ju tèmi lọ títí dòní.

Tíṣà Àgbà

Ẹ kú àbójútó ọmọ, Ìyá Ìbejì. Jọ́gíráfì ni mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ni kí n tó fẹ̀yìn tì. Inú mi dùn gan-an pé àwọn ọmọ ṣì lè torí máàpù bínú síra wọn.

Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ, ẹ jẹ́ ká ti ibi ọ̀rọ̀ Táíwò bẹ̀rẹ̀. "Òkè" tó wà nínú Òkè Ọya kì í ṣe òkè tí a ń gùn. Ọya ni odò tí àwọn òyìnbó ń pè ní Niger. Ẹni tó bá wà ní òdìkejì rẹ̀, Òkè Ọya ló wà. Bákan náà la ṣe ń pe ìlú òyìnbó ní òkè òkun, kò sì sí ẹni tó rò pé òkè kan wà lórí omi òkun. Òkè-Ògùn náà, apá ibi tí Odò Ògùn ti ń ṣàn bọ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpáta wà níbẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá ti dé Adó-Àwáyè, níbi tí adágún Ìyàkẹ́ wà lórí àpáta, á jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n Òkè-Ìmẹ̀sí, òkè gidi ni. Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ méjì. Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ.

Èkejì ni pé ìbéèrè méjì ló wà nínú ohun tí wọ́n ń jà lé lórí, wọn ò sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Báwo ni ilẹ̀ náà ṣe ga sí ojú òkun? Ìyẹn ọ̀kan. Ṣé ilẹ̀ náà ń gòkè ó ń sọ̀, àbí ó dúró lójú kan? Ìyẹn èkejì. Ibi kan lè ga kó sì tẹ́jú. Ibòmíràn lè má ga púpọ̀, kó sì jẹ́ pé ẹ ò ní rí ibi tẹ́ ẹ máa gbé bọ́ọ̀lù sí tí kò ní yí lọ.

Ẹ wo Òṣogbo wa. Ó lé díẹ̀ ní 300 mítà sí ojú òkun. Màídúgùrì náà lé díẹ̀ ní 300 mítà. Ìlú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ ga bákan náà! Bẹ́ẹ̀ ẹ kúrò ní Òṣogbo, ẹ kọjá Iléṣà díẹ̀, ẹ ti wà láàrin òkè. Láti Màídúgùrì lọ sí Adágún Chad ju 100 kìlómítà lọ, ojú omi adágún náà sì wà ní nǹkan bíi 280 mítà. Ìyẹn ni pé ilẹ̀ kò fi ìdajì mítà sọ̀ kalẹ̀ lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ohun tó mú Awakọ̀ lo jíà kan ṣoṣo nìyẹn. Omi ló kó iyanrìn àti ẹrẹ̀ wá síbẹ̀ láti ayébáyé, ó tẹ́ ẹ lélẹ̀ ní ìpele ìpele.

Bíríkìlà Gbódófọ́n

Tíṣà, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Òṣogbo fúnra rẹ̀, nítorí àwọn èèyàn máa ń sọ pé ìlú wa tẹ́jú, èmi tí mò ń fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ ka orúkọ àdúgbò: Òkè-Fíà, Òkè-Báálẹ̀, Òkè-Ìjẹ̀tù. Lẹ́yìn náà ẹ ka Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, Ìsàlẹ̀-Àró. Àwọn baba ńlá wa ti wọn ilẹ̀ yìí kí sọ̀fẹ́yọ̀ tó dé. Òjò tó bá rọ̀ sí Òkè, Ìsàlẹ̀ ló ń lọ, Odò Ọ̀ṣun ló sì ń wá. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ nítorí pé ó tẹ́jú tó sì pọ́kú létí odò, kó lọ bi àwọn aládùúgbò bí omi ṣe ń wọlé lóṣù kẹsàn-án.

Tí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ fi ojú ara wọn rí i, ẹ ra rọ́bà tó mọ́ gaara, ìwọ̀n mítà mẹ́wàá. Ẹ bu omi sí i nínú, ẹ má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ há sínú rẹ̀. Kí ọmọ kan di orí kan mú lẹ́nu ọ̀nà, kí èkejì di orí kejì mú lẹ́yìnkùlé, kí àwọn méjèèjì dúró ṣánṣán. Ojú omi ní orí méjèèjì kò lè ṣe kó má dọ́gba. Kí wọ́n wọn gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ dé ojú omi níbi méjèèjì. Ibi tí ìwọ̀n bá ti kéré ni ilẹ̀ ti ga jù. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, a kì í ṣìnà.

Ìyá Ìbejì, Òkè-Báálẹ̀

Ẹ ṣé o, Ọlọ́run á bù kún un yín. Mo ka ti Tíṣà sí wọn létí. Táíwò dákẹ́, ó wá ní, "Ṣé òkè òkun náà kò ní òkè?" Mo ní kó lọ sùn. Lọ́la a máa ra rọ́bà.

Àrẹ̀mú Họ́láńdì

Ẹ sọ fún Táíwò pé òkè òkun tí mo wà yìí, lóòótọ́ ni, kò ní òkè! Ọmọ Òṣogbo ni mí, ọdún kejìlá rèé ní Họ́láńdì. Tí a bá pín ilẹ̀ wọn sí mẹ́rin, bí ìdá kan nínú rẹ̀ ló wà ní ìsàlẹ̀ ojú òkun, ògiri ilẹ̀ àti ẹ̀rọ tó ń fa omi ni wọ́n fi ń lé òkun sẹ́yìn. Òkè tó ga jù lórí ilẹ̀ wọn ní Yúróòpù, Vaalserberg, níbi tí wọ́n ti pààlà pẹ̀lú Bẹ́ljíọ̀mù àti Jámánì, 322 mítà ni gíga rẹ̀. Wọ́n máa ń kó ọmọ lọ wò ó, wọ́n ń ta káàdì àwòrán rẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka nọ́ńbà yẹn, mo jókòó, mo rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú mi. Ìwọ̀n gíga ọjà tí màmá mi ti ń ta èlùbọ́ nìyẹn. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń rìn lórí ilẹ̀ tó ga tó òkè wọn, mi ò sì mọ̀ pé mo ga.

Tíṣà Àgbà

Àrẹ̀mú, ẹ̀kọ́ ńlá lo kọ́ wa yẹn. Kì í ṣe pé ilẹ̀ wa ga lójijì o. Láti Èkó, tí kò fi mítà púpọ̀ ju òkun lọ, ilẹ̀ ń rọra gòkè bọ̀ wá sílé, ó gba Abẹ́òkúta, ó gba Ìbàdàn, ojú kò rí i. Ẹni tó bá wọ rélùwéè láti Èkó wá sí Òṣogbo, ó ti gun òkè 300 mítà láìmọ̀.

Ọmọ Rélùwéè

Ẹ ti fọwọ́ kan ibi tó ń dùn mí. Bàbá bàbá mi ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, Òṣogbo ló kú sí. Ọdún 1907 ni irin dé Òṣogbo. Rélùwéè kì í gun òkè bí mọ́tò, irin lórí irin ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yọ̀. Bí ilẹ̀ bá fi díẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀ńjìnnì á kàn máa yí lójú kan. Ẹ wá wo ibi tí wọ́n gbé irin náà gbà: Ìbàdàn, Ìwó, Ẹdẹ, Òṣogbo, Ìkirun, Ọ̀fà, Ìlọrin. Ẹ fi ìka tọ̀ ọ́ lórí máàpù, ẹ máa rí i pé ó fi gbogbo òkè Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì sí ọwọ́ ọ̀tún. Ìdí yòówù kó wà níbẹ̀ fún àwọn òyìnbó, òwò tó wá bá wa ní Òṣogbo nígbà yẹn, ilẹ̀ tó rọ̀ wá lọ́rùn ló bá wa gbà á.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Mo kí gbogbo ilé. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n, ẹ má gbé gbogbo òkè náà lọ sí Èkìtì. Òkè kan náà ni. Ẹ̀yin wà lókè níbẹ̀, àwa wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Omi Olúmirìn tó ń já bọ́ ní Erin-Ìjẹ̀ṣà ní ìpele méje, ara òkè tẹ́ ẹ ń yangàn sí yẹn ló ti ń já bọ́.

Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ ohun kan síi. Òkè kò gbẹ́yìn nínú ìtàn wa. Ogun Kírìjí, láti 1877 títí di 1893, àárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ti dojú kọ ara wọn. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ rí á mọ ìdí tí wọ́n fi pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ ogun kan á wà lórí òkè tirẹ̀, èkejì á wà lórí òkè tirẹ̀, àfonífojì láàrin. Ta ló máa kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀? Ìró àgbá ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ, kí-rì-jí, kí-rì-jí, àwọn òkè sì ń dá a padà.

Ẹ wá fi wé ogun Òṣogbo ní 1840, tí Ìbàdàn dá àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin dúró níbí. Ẹṣin fẹ́ ilẹ̀ gbalasa. Ó sáré wá láti inú ọ̀dàn, igbó ló bá pàdé.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n

Mo gbà fún yín, Ìjẹ̀ṣà. Ọmọ ìyá ni wá, ọ̀kan náà ni òkè wa.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú òkè náà dúró. Òkúta funfun líle kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ òkúta ń pè ní quartzite. Òjò ti ń fọ ilẹ̀ yí i ká lọ fún ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún, ohun tó rọ̀ ti lọ, eléyìí ò lọ. Gbọọrọ ló nà bí ẹ̀yìn ẹja, kò rí róbótó bí àpáta Ìkẹ́rẹ́ tàbí ti Ìdànrè. Ìdí òkè yẹn náà ni omi gbígbóná Ìkọ́gòsì ti ń sun.

Ohun tó kàn yín gan-an ní Òṣogbo nìyí. Láti ilẹ̀ Èkìtì, ní ìhà Ìgèdè, ni Odò Ọ̀ṣun ti ń sun. Odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Kí Kẹ́hìndé mú Táíwò lọ sí orí afárá, kí wọ́n ju ewé kan sómi, kí wọ́n wo ibi tí ewé náà ti wá àti ibi tó ń lọ. Ibi tó ti wá ga ju Òṣogbo lọ. Ibi tó ń lọ, títí dé ọ̀sà ní Lẹ́kí, kéré sí i.

Bíríkìlà Gbódófọ́n

Ti ewé yẹn dára ju rọ́bà mi lọ.

Ọmọ Ìràgbìjí

Ẹ ò sì rántí wa? Ẹ ò ní láti dé Èkìtì. Ìràgbìjí olókè méjì takọtabo! Láti Òṣogbo, kẹ̀kẹ́ Máárúwá lè gbé yín dé, ẹ á sì bá àpáta ràbàtà nílẹ̀.

Ẹlẹ́kọ́ Àgbọ̀wándé

Ẹ dákun, mo rò pé Òkè Kamẹrúùnù ló ga jù ní Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́.

Kọ́pà Gembu

Ẹ ǹlẹ́ o. Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun ni wọ́n bí mi sí, mò ń sìn ìlú lọ́wọ́ báyìí ní Gembu, lórí Mambilla, ní Ìpínlẹ̀ Tàràbà. Íńtánẹ́ẹ̀tì kò dúró dáadáa níbí, mo ti ń gbìyànjú láti kọ èyí láti àná.

Màámi Ẹlẹ́kọ́, Òkè Kamẹrúùnù ga lóòótọ́, ó lé ní 4,000 mítà, àmọ́ Kamẹrúùnù ló ni ín. Nígbà tí òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso apá kan ilẹ̀ Kamẹrúùnù, láti Nàìjíríà ni wọ́n ti ń darí rẹ̀. Ní oṣù kejì 1961, àwọn ará ibẹ̀ dìbò. Apá gúúsù, níbi tí òkè ńlá yẹn wà, yan Kamẹrúùnù. Apá àríwá yan Nàìjíríà. Mambilla àti Gashaka wà nínú apá àríwá yẹn. Nítorí náà, ibi tí mo jókòó sí yìí kò tíì jẹ́ ara Nàìjíríà ní ọjọ́ òmìnira! Góńgó tó ga jù ní orílẹ̀-èdè wa báyìí, Chappal Waddi, 2,419 mítà, inú ọgbà ẹranko Gashaka-Gumti ló wà, lẹ́bàá ààlà Kamẹrúùnù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àpèjúwe ibí fún àwọn ìbejì. Láti Serti ẹ máa dé Mayo Selbe, ibẹ̀ gbóná bí Òṣogbo nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn náà ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ bí ejò, kọ́nà lórí kọ́nà. Ẹ wo ìsàlẹ̀, ẹ rí ọ̀nà tẹ́ ẹ ti gbà, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn. Nígbà tí ẹ bá dé orí rẹ̀, ẹ máa rò pé ẹ máa bá ṣóńṣó kan, kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ilẹ̀ gbalasa lẹ máa bá, koríko tútù, màlúù, ilẹ̀ tó ń rọra wú tó ń rọra sọ̀ bí ìgbì. Nǹkan bíi 1,600 mítà ni. Èyí ni Tíṣà ń sọ, ibi kan lè ga kó má sì jẹ́ ṣóńṣó. Mo ti sun nínú súwẹ́tà méjì. Tíì ni wọ́n ń gbìn ní Kakara, mo rí ewé rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo rò pé òdòdó ọgbà ni.

Mo máa ń ronú kan Odò Ọ̀ṣun tí òtútù bá mú mi lóru.

Tíṣà Àgbà

Ọmọ mi, Ọlọ́run á mú ọ bọ̀ láyọ̀. Òtútù yẹn ní ìṣirò: bí a bá gòkè ní 1,000 mítà, ooru máa ń fi bí ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì mẹ́fà tàbí méje dín kù. Ìdí tí ọ̀dùnkún òyìnbó fi ń ṣe dáadáa ní Jọ́ọ̀sì nìyẹn, torí Jọ́ọ̀sì lé ní 1,200 mítà. Kánò, tó wà lórí ilẹ̀ títẹ́jú nísàlẹ̀ rẹ̀, súnmọ́ 480.

Ẹ jẹ́ kí n fi Jọ́ọ̀sì ṣe àlàyé díẹ̀, nítorí òun ni àgbà nínú ọ̀rọ̀ yìí lójú tèmi. Ẹ fojú inú wò ó bí àgbàdà tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ ní àárín gbùngbùn ìlú. Omi tó bọ́ sí i lórí, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ló ń ṣàn gbà. Odò Kàdúná ti ibẹ̀ jáde, ó lọ bá Ọya. Odò Gongola ti ibẹ̀ jáde, ó lọ bá Bẹ́núè. Òmíràn kọjú sí àríwá ìlà oòrùn, wọ́n ń wá Adágún Chad lọ. Òkè kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń mu omi rẹ̀. Òkúta oníná tó gbóná láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ló wú síbẹ̀ láyé ọjọ́un, òun náà ló gbé irin tí wọ́n ń pè ní tín wá, tí wọ́n fi gbẹ́ ihò káàkiri ibẹ̀.

Ọya àti Bẹ́núè ni ìdàkejì rẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe pàdé ní Lọ́kọ́ja bí igi tó pẹ̀ka. Gbogbo etí odò méjèèjì, ilẹ̀ kò ga. Ní Lọ́kọ́ja fúnra rẹ̀, ojú odò kò tó 100 mítà sí ojú òkun, bẹ́ẹ̀ ó ti rin ọ̀nà jíjìn kó tó débẹ̀. Àmọ́ Òkè Patti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú náà, tó lé ní 400. Ilẹ̀ kò fẹ́ràn kí a fi gbólóhùn kan ṣàpèjúwe rẹ̀.

Ọmọ Èkó ní Òṣogbo

Ti Èkó kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ilẹ̀ títẹ́jú, omi níwájú, omi lẹ́yìn. Ti àwọn ará ìhà ẹnu Ọya ní gúúsù, Bàyélsà àti Rívà, pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọkọ̀ ojú omi ni mọ́tò wọn. Àwọ̀ ewé ni kí wọ́n kun ibẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Òkè-Báálẹ̀

Mo ń sunkún ayọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò mọ̀ pé ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ ní ìtàn tó báyìí. Ẹ wá, kí ni kí wọ́n kùn báyìí? Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀.

Tíṣà Àgbà

Kí wọ́n lo búráùn méjì, èyí tó dúdú àti èyí tó fúyẹ́. Búráùn tó dúdú: gbogbo ààlà Kamẹrúùnù láti òkè Mandara ní àríwá, kó gba Gashaka àti Mambilla, kó sọ̀ dé Ọ̀bùdú ní Ìpínlẹ̀ Cross River. Lẹ́yìn náà Jọ́ọ̀sì ní àárín. Búráùn tó fúyẹ́: Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìdànrè, Òkè-Ògùn, àti òkè Údí ní ìhà Ẹnúgu. Àwọ̀ ewé: etí òkun, etí Ọya àti Bẹ́núè, Bọ̀nọ́ ní apá Chad, àti Sókótó.

Táíwò gba máàkì nítorí ìhà àríwá ni búráùn tó dúdú pọ̀ sí. Kẹ́hìndé gba máàkì nítorí ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ lójú ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n kì í ṣe irọ́. Bí wọ́n bá ní ibi tó ga jù ní ilẹ̀ Yorùbá, kí wọ́n fi àmì sí Ìdànrè, nǹkan bíi 900 mítà. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 la fi ń gun òkè lọ sí ìlú àtijọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀. Mo gùn ún nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dání, ọ̀kan nínú wọn ti di tíṣà jọ́gíráfì báyìí.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí wọ́n kọ sísàlẹ̀ máàpù náà: ibi méjì péré ní Nàìjíríà ni UNESCO ti fi sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Sukur ní Adamawa, lórí òkè Mandara, ní 1999. Igbó Ọ̀ṣun wa, ní 2005. Ọ̀kan lórí òkè tí wọ́n fi òkúta to ilẹ̀ oko ní ìpele ìpele kí òjò má baà gbé e lọ, èkejì létí odò.

Ìyá Ìbejì, Òkè-Báálẹ̀

Wọ́n ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Kí wọ́n tó lọ, a ṣe ti rọ́bà. Táíwò dúró lẹ́nu géètì, Kẹ́hìndé dúró lẹ́bàá kànga. Ẹ̀bá kànga fi ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan rẹlẹ̀ ju ẹnu géètì lọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gbé inú ọgbà yẹn, mi ò mọ̀. Mo wá mọ ìdí tí omi òjò fi máa ń dúró lẹ́yìn ilé ìdáná mi.

Nírọ̀lẹ́ a lọ sí orí afárá. Táíwò ju ewé sómi, ó tẹ̀ lé e pẹ̀lú ojú títí kò fi rí i mọ́. Lẹ́yìn náà ló yí padà, ó wo ìhà ibi tí omi ti ń bọ̀, ó ní, "Èmi náà fẹ́ lọ sí Ẹ̀fọ̀n."

Awakọ̀ Òkè-Fíà

Ọjọ́ Sátidé mò ń gbé bọ́ọ̀sì ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Adó, àyè wà níwájú fún Táíwò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kó máa wo bí mo ṣe ń yí jíà. Ẹ̀yin àti Kẹ́hìndé á jókòó lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ti jẹun díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀, nítorí kọ́nà. Ẹ ra ṣingọ́ọ̀mù dání fún etí wọn. Agogo méje ààrọ̀ ni a ó kúrò.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n

Ẹ dúró ní Ẹ̀fọ̀n nígbà tí ẹ bá ń kọjá. Màmá mi máa gún iyán.